Èso, Ẹyin àti Wàrà Nínú Ife: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ará Port Harcourt Mọ̀

Bí ènìyàn bá dárúkọ ìlú Port Harcourt, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rivers, oúnjẹ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni bọ̀lì àti ẹja sísun tí wọ́n fi ata àti epo pupa sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oúnjẹ mìíràn ti gba àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ibi ìgbéyàwó, ní ibi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé, àti lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń se oúnjẹ tà láti inú ilé wọn, a ń rí ife oníke tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n to èso, yọ́gọ́ọ̀tì àti ìpápánu sí inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Parfait ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn ti kọjá yọ́gọ́ọ̀tì. Wọ́n ń fi kìríìmù lílù sí i, àti funfun ẹyin tí wọ́n fi ṣúgà lù títí tí ó fi hó bí ìhó ọṣẹ, èyí tí a ń pè ní meringue.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú àṣà ìkẹyìn yìí wá. Eton mess ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, láti ara ilé-ẹ̀kọ́ Eton tí ó wà nítòsí Windsor, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Èso strawberry, meringue tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti kìríìmù: ohun mẹ́ta péré ni. Wọ́n máa ń jẹ ẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, nítorí pé ìgbà náà ni strawberry máa ń pọ́n nínú oko wọn. Kò le láti ṣe, ó dùn lẹ́nu, ó sì rẹwà lójú. Kò yani lẹ́nu pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a ta oúnjẹ àlejò nù. Èso jíjẹ dára fún ara, bí adùn bá sì ni yóò mú kí ọmọdé jẹ ìbẹ́pẹ, kí a fi adùn tàn án. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí a bí oúnjẹ yìí sí jẹ́ ilé òtútù, tí iná mànàmáná kì í kú níbẹ̀. Ilé tí ó wá bá wa yìí jẹ́ ilé ooru àti ọ̀rinrin, tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí a kò bá tún un tò kí ó bá ilé wa mu, ohun tí a rò pé a fi ń ṣe ọmọ lóore lè di ohun tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyin. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí a ń pè ní Salmonella. Ó lè wà lára èèpo ẹyin, ó sì lè wà nínú ẹyin fúnra rẹ̀ láti ara adìyẹ tí ó yé e. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, inú rírun àti ibà ni ó máa ń mú wá. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi ṣe é, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, fún aboyún àti arúgbó, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, ewu rẹ̀ tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kòkòrò yìí lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú egungun wọn, kí ó sì ba egungun náà jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tí àrùn ẹ̀jẹ̀ yìí ti wọ́pọ̀ tó báyìí, kò yẹ kí a máa bu ẹyin tútù fún ọmọ ẹlòmíràn níbi àríyá láìbéèrè.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣebí àwọn òyìnbó ń jẹ ẹ́, kò sì pa wọ́n." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, Edwina Currie, tí ó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní gbangba pé Salmonella ti wọ inú ọ̀pọ̀ jùlọ ẹyin tí wọ́n ń pèsè nílẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà dá rúgúdù sílẹ̀, àwọn ènìyàn dáwọ́ ẹyin rírà dúró, mínísítà náà sì fi ipò sílẹ̀. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti ń fún àwọn adìyẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lábẹ́ ètò kan tí ó máa ń fi òǹtẹ̀ kìnnìún pupa lu ẹyin. Ọdún 2017 ni àjọ tí ń mójútó oúnjẹ níbẹ̀ tó kéde pé àwọn ọmọdé, aboyún àti arúgbó lè jẹ ẹyin olóǹtẹ̀ náà láìjẹ́ pé ó jinná tán. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1988 dé 2017, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe kí ẹyin wọn tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin tí a ń rà nínú kíréètì ní ọjà Mile 1 tàbí Mile 3, tí oòrùn ti pa láti àárọ̀, kò ní òǹtẹ̀ kankan lára. Nítorí náà, kí a máa lò ó bí ẹyin tí ó yẹ kí ó jinná.

Ọ̀nà àti mú un jinná wà, kò sì ba adùn rẹ̀ jẹ́. Dípò kí a lu funfun ẹyin àti ṣúgà ní tútù, kí a kó àwọn méjèèjì sínú abọ́ onírin, kí a gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò omi tí ń hó díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí omi kan ìdí abọ́. Kí a máa rò ó láìdúró títí tí yóò fi gbóná kọjá ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òṣùwọ̀n ooru kékeré tí a ń tì bọ inú oúnjẹ wúlò púpọ̀ fún èyí. Ẹni tí ó bá ń ta oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn kò yẹ kí ó wà láìní in. Lẹ́yìn náà ni kí a lù ú títí tí yóò fi dúró gírí, kí a fi ṣíbí pín in sórí pépà, kí a sì yan án nínú ófùnù tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ jẹ́ 100 fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Kí a fi í sílẹ̀ nínú ófùnù títí yóò fi tutù, kí a sì gbé e sínú agolo tí ó dé pinpin. Pupa ẹyin tí ó kù kò gbọdọ̀ sùn sórí tábìlì. Kí a fi sínú mọ́ínmọ́ín ọjọ́ náà.

Agolo tí ó dé pinpin yẹn ṣe pàtàkì ní Port Harcourt ju ibòmíràn lọ. Ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Port Harcourt sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jùlọ ní Nàìjíríà. Bí a bá fi meringue sílẹ̀ ní gbangba ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹsàn-án, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rò pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe ni ó jẹ́ pé ojú ọjọ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni kìríìmù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fi ìlànà márùn-ún lélẹ̀ fún oúnjẹ tí kò léwu: kí a wà ní mímọ́ tónítóní, kí a ya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára sísè, kí a se oúnjẹ jinná, kí a tọ́jú rẹ̀ sí ìwọ̀n ooru tí ó yẹ, kí a sì lo omi àti èròjà tí kò léwu. Ìlànà kẹrin ni ó ń dá wa láàmú jù. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kòkòrò àìfojúrí ti máa ń pọ̀ sí i. Níbi tí ó bá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀kan lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Èyí túmọ̀ sí pé ẹyọ kan yóò di 64 lẹ́yìn wákàtí méjì, yóò sì di 4,096 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Ní ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ooru Port Harcourt bá ti kọjá ìwọ̀n 30, inú gbọ̀ngàn àríyá jẹ́ ibi tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn gidigidi.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí kìríìmù pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta. Ṣùgbọ́n èló nínú àwọn àríyá wa ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tí a kọ sínú ìwé ìpè? A ní agogo méjìlá, àlejò dé ní agogo méjì, wọ́n gbé oúnjẹ jáde ní agogo mẹ́rin. Ife kìríìmù tí wọ́n ti tò sórí tábìlì láti agogo mọ́kànlá kò sì ní fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn, nítorí pé Salmonella kì í yí adùn padà, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú kí oúnjẹ rùn. Ní ti iná mànàmáná, gbogbo wa ni a rántí pé léraléra ni ẹ̀rọ tí ń pín iná káàkiri orílẹ̀-èdè yìí dákú ní ọdún 2024. Fíríjì tí kò ní iná di àpótí lásán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta oúnjẹ tí ó ní wàrà nínú gbọ́dọ̀ ní kúlà àti yìnyín tí yóò tó o, kí ó sì ní ìgboyà láti da ohun tí ó bá ti gbóná nù.

Ó yẹ kí a tún wo ohun tí kìríìmù náà jẹ́. Ìyẹ̀fun kìríìmù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, tí wọ́n ń fi omi tútù lù, kì í sábà jẹ́ wàrà. Òróró èkùrọ́ tàbí òróró mìíràn tí wọ́n sọ di líle ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣúgà. Irú òróró bẹ́ẹ̀ lè ní ọ̀rá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní trans fat nínú, èyí tí ó máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó sì ń fa àrùn ọkàn. Àjọ NAFDAC ti ṣe òfin ní ọdún 2022 pé irú ọ̀rá yìí kò gbọdọ̀ ju gíráàmù méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù gbogbo ọ̀rá tí ó wà nínú oúnjẹ. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí wọ́n tú sínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ń wọ̀n tà, kò sí ẹni tí ó lè fi òfin mú un. Kí a ra èyí tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí a sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀. Èyí tí ó sàn jù lójú tèmi ni yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, tí a fi aṣọ mímọ́ sẹ́ nínú fíríjì ní òru títí tí ó fi ki. Ọ̀rá rẹ̀ kéré, kíkan rẹ̀ sì máa ń bá adùn èso mu.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ṣúgà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ wa, pé yóò sì tún dára jù bí kò bá tó ìdá márùn-ún. Fún àgbàlagbà, ìdá márùn-ún yẹn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, èyí tí í ṣe ṣíbí ìmu-tíì mẹ́fà. Ẹ wá wo meringue. Ẹyin mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò pẹ̀lú gíráàmù 200 ṣúgà. Bí ènìyàn mẹ́fà bá pín in jẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ gíráàmù 33 kí a tó dé orí ṣúgà inú kìríìmù, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọn yóò fi sìn ín lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti bu owó-orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti ọdún 2022 nítorí àrùn àtọ̀gbẹ àti ara sísan àsanjù. Ṣùgbọ́n kò sí owó-orí tí yóò bá wa dé inú abọ́ tí a ń lu ẹyin sí nínú ilé. Ọwọ́ tiwa ni ìyẹn wà.

Èmi dábàá pé ẹyin méjì àti gíráàmù 100 ṣúgà tó fún ènìyàn mẹ́jọ. Gíráàmù méjìlá àbọ̀ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Kí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sórí èso, kí ó máa dún lẹ́nu, kí ó má ṣe jẹ́ òun ni ìdí oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ní àrùn àtọ̀gbẹ lè yọ meringue kúrò pátápátá, kí ó fi ẹ̀pà yíyan tàbí àgbọn yíyan díẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

A wá kan èso, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ olórí. Strawberry wà ní Nàìjíríà; ní agbègbè Jos ni wọ́n ti ń gbìn ín, nítorí pé ojú ọjọ́ orí òkè náà tutù. Ṣùgbọ́n èso ẹlẹgẹ́ ni. Láti Jos dé Port Harcourt jìnnà, ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkantutù kò sì pọ̀. Èyí tí ó bá dé máa ń wọ́n gógó, apá kan rẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́. Kí ni a ń lé tí a kò ní? Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù strawberry, fítámì C tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 59. Ti ìbẹ́pẹ náà jẹ́ nǹkan bíi 60. Ti gúáfà lé ní 200. Mílígíráàmù 45 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí. Ìbẹ́pẹ tí ó wà lẹ́yìnkùlé kò kéré sí strawberry tí ó gun ọkọ̀ wá.

Èyí tí ó wù mí jùlọ ni àgbálùmọ̀, tí àwọn Igbo àti ọ̀pọ̀ ará Port Harcourt mọ̀ sí údárà. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin ni ó máa ń wà lọ́jà. Kíkan àti dídùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ti strawberry. Kódà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ewéko, àgbálùmọ̀ wà nínú ẹ̀yà èso tí wọ́n ń pè ní berry, strawberry fúnra rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí àgbálùmọ̀ bá pọ̀ náà ni òjò máa ń dín kù ní Port Harcourt, tí meringue sì lè pa ara rẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n tí ó wà nínú oúnjẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí ni pé kí a jẹ èso tí ó bá wà ní àsìkò, ní ibi tí ó ti hù. Ọgbọ́n yẹn ni ó yẹ kí a yá lọ́wọ́ wọn. Bí a bá fẹ́ lò ó fún ọmọdé, kí a yọ kóró rẹ̀ kúrò kí ó má baà há wọn lọ́fun.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ tútù ní èròjà kan tí ó máa ń já wàrà, tí ó sì ń sọ ọ́ di kíkorò bí wọ́n bá pẹ́ pọ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe pò wọ́n pọ̀ títí di ìgbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́. Tàbí kí a se ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà díẹ̀ lórí iná kí ó tó tutù. Kí a sá fún èso tí wọ́n fi kábáìdì mú pọ́n, èyí tí NAFDAC ti ń kìlọ̀ rẹ̀ léraléra, nítorí májèlé tí ó lè wà nínú kẹ́míkà náà. Èso tí ara rẹ̀ pọ́n rokoso ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ le, kí a fura sí i. Láti ìparí ọdún 2016 ni èérún èéfín dúdú sì ti ń bà sórí ohun gbogbo ní ìlú Port Harcourt. Èso tí wọ́n pàtẹ sí gbangba ní ọjà Fruit Garden ní òpópónà Kaduna kò lè bọ́ nínú rẹ̀. Kí a fi omi mímọ́ fọ èso dáadáa kí ọ̀bẹ tó kàn án, ìbáà ṣe èyí tí a ó bó, nítorí ọ̀bẹ ni ó máa ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọ inú. Kí a má sì ra èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀.

A kò gbàgbé oṣù Kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbá méjì ń jà ní Èkó, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì kéde pé ohun mímu òfíò kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ohun dídùn, tútù, tí wọ́n rọ sínú ike ni. Bẹ́ẹ̀ ni parfait rí. Àwọn tí ń ṣe é tà kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọmọ wa ni wọ́n, tí wọn kò rí iṣẹ́ tí wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers ṣe fún wọn kì í ṣe pé kí ó lé wọn kúrò lójú ọ̀nà. Kí àwọn wolé-wolé kọ́ wọn, kí a fún ẹni tí ó bá yege ní ìwé ẹ̀rí, kí a sì pèsè yàrá òtútù sí àwọn ọjà tí wọ́n ti ń ra èso. Àwọn náà gbọ́dọ̀ máa kọ ọjọ́ àti agogo tí wọ́n ṣe é sí ara ife.

Àwa tí ń rà á náà ní ẹnu láti béèrè: ìgbà wo ni ẹ ṣe é? Níbo ni ó ti wà láti ìgbà náà? Ṣé ẹyin inú rẹ̀ jinná? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè mẹ́ta yìí. Bí ẹni tí ń tà kò bá sì ní ìdáhùn, kí a fi owó wa ra ìbẹ́pẹ kan, kí a fọ̀ ọ́, kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí a sì pín in fún àwọn ọmọ nílé. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni.